Wákàtí Mẹ́sàn-án fún Ọgọ́rin Ẹja

“Wákàtí mélòó ni akọ̀wé yẹn ní bàálù yóò lò?”

Bàbá mi ló béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú táǹkì gíláàsì tó tóbi jù nínú yàrá ẹja, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà nínú omi.

“Mẹ́sàn-án,” ni mo dáhùn. Mi ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

“Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, Bàbá.”

Irọ́ funfun báláú ni. Mi ò dé ọ́fíìsì akọ̀wé náà rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, ṣe ni àyà mi ṣì máa ń já.

Bàbá mi ń sin ẹja, àmọ́ kì í ṣe ẹja jíjẹ. Ẹja ọ̀ṣọ́ ni, irú èyí tí àwọn èèyàn ń fi sínú gíláàsì nílé kí wọ́n lè máa wò ó. Àwọn aládùúgbò kò yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá Ẹja-Ò-Ṣeé-Jẹ” ni wọ́n sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé wa ló burú jù nínú wọn. “Ẹ̀gbọ́n,” á ní, “ọdún mẹ́tàlá lẹ ti ń bọ́ ẹja, ẹ ò tíì jẹ ìrù kan ṣoṣo!” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa ń se bàtà jẹ ni?”

Ọdún mẹ́tàlá yẹn kì í ṣe àwàdà. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni bàbá mi ti ń ṣa ẹja, tó ń ya èyí tó wù ú sọ́tọ̀, tó ń mú akọ yìí pàdé abo yẹn, títí tó fi rí irú èyí tó ń wá: ẹja dúdú bí èédú tí ìlà pupa kan gba ara rẹ̀ láti ojú dé ìrù. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí à ń bá ṣòwò. Àwòrán rẹ̀ rìn títí ó fi dé ilé ìṣàfihàn ẹja ńlá kan ní ìlú òkèèrè. Ni wọ́n bá kọ lẹ́tà. Wọ́n fẹ́ ọgọ́rin, àtọmọ àtìyá àti bàbá wọn, wọ́n sì ní àwọn máa kọ orúkọ bàbá mi sára gíláàsì náà kí gbogbo ayé lè kà á. Bàbá mi ò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹrin. Ó ní kí n ka lẹ́tà náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ṣùgbọ́n kò tíì rán ẹja lọ sí ọ̀nà jíjìn rí. Ìlú tí mọ́tò ń dé láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ló mọ̀. Wákàtí sì ni ẹ̀mí ẹja. Bí a ṣe ń dì í nìyí: a ó bu omi díẹ̀ sínú ọ̀rá, a ó fi ẹja sí i, a ó fẹ́ ọ́síjìn kún un, a ó sì fi rọ́bà dì í lẹ́nu pinpin. Ẹja inú rẹ̀ ò tún ní afẹ́fẹ́ mìíràn mọ́ títí tí wọ́n á fi tú ọ̀rá náà. Tí ìrìnàjò ò bá ju wákàtí mẹ́rìnlá lọ, ẹja mẹ́wàá lè gbé inú ọ̀rá kan. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin péré ni.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi rán mi níṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé, tí mo bá ti ilé ìwé dé, kí n lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹrù bàálù. “Béèrè iye wákàtí náà lọ́wọ́ akọ̀wé ibẹ̀,” ó ní. “Má rò ó lórí o. Abèèrè kì í ṣìnà.”

Mo fẹ́ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ìwé wa ni ọ̀nà gbà, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni kíláàsì wa àti kíláàsì kejì fẹ́ gbá fọ́líbọ́ọ̀lù àṣekágbá. Ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín rí mi lókèèrè, ó sáré wá, ó di báàgì mi mú.

“Máàpù! Níbo lò ń lọ? A ò pé o!”

Máàpù ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, torí kò sẹ́ni tó mọ jọ́gíráfì jù mí lọ. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín.

“Kí lo fẹ́ lọ béèrè níbẹ̀ tí fóònù ò mọ̀? Ìwọ, odindi Máàpù, ìwọ lo fẹ́ lọ tò sí ẹ̀yìn èèyàn torí pé o fẹ́ béèrè ọ̀nà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo yọ fóònù. Mo wo bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra: kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé ọgọ́rùn-ún. Bàálù ń sá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kìlómítà ní wákàtí kan. Mo pín in: mẹ́sàn-án. Mo tún wo àkókò ìrìnàjò bàálù náà: ó ń gbéra láago mẹ́wàá àárọ̀, ó ń balẹ̀ láago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Mo ka wákàtí tó wà láàárín méjèèjì: mẹ́sàn-án. Ọ̀nà méjì, ìdáhùn kan náà! Kí lèèyàn tún ń wá? Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré pé bàálù náà á dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, àmọ́ wọ́n ti ń fọn fèrè lórí pápá. Mo ju fóònù sínú báàgì, mo sì sáré wọlé.

A nà wọ́n lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn débi pé nígbà tí bàbá mi béèrè iye wákàtí lọ́wọ́ mi, irọ́ náà jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́.

“Mẹ́sàn-án ti bàálù,” bàbá mi ń kà á lórí ìka, “mẹ́ta kó tó gbéra, méjì tó bá balẹ̀ tán. Mẹ́rìnlá géérégé. Mẹ́wàá-mẹ́wàá nìyẹn.” Inú rẹ̀ dùn, torí àyè páálí méjì péré ló kù nínú bàálù ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rá mẹ́rin sì ni páálí kan ń gbà. Ọgọ́rin ẹja wọ̀ ọ́ pé pérépéré.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a dì wọ́n. Bàbá mi ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dì wọ́n, ó ń ní, “Ẹ má jà lọ́nà o, ẹ má dójú tì mí.” Ó gbé wọn lọ, ó fi wọ́n lé àwọn elẹ́rù lọ́wọ́, ó sì padà sílé. Èmi gba ilé ìwé lọ.

Iṣẹ́ jọ́gíráfì la ní lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Tíṣà wa gbé bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́, ó ń yí i níwájú tọ́ọ̀ṣì kó lè fi hàn wá bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ níbì kan tí òmíràn ṣì ṣókùnkùn.

“Bàálù kan gbéra láago mẹ́jọ àárọ̀,” ó ní, “ó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, ó balẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Wákàtí mélòó ló lò?”

“Méjì!” ni gbogbo kíláàsì pariwo. Ohùn tèmi ló lọ sókè jù.

Tíṣà mi orí. “Gbogbo yín lẹ kùnà. Aago ìlú tó ti gbéra ló fi gbéra, aago ìlú tó ti balẹ̀ ló fi balẹ̀. Aago ọ̀hún fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tibí. Wákàtí mẹ́wàá ló lò lójú ọ̀run.”

Mo rántí aago mẹ́wàá àti aago méje tèmi.

Mo nawọ́ sókè. Mo dárúkọ ìlú tí ilé ẹja náà wà, mo béèrè ohun tí aago ibẹ̀ ń sọ. Tíṣà wo àwọn ìlà tó wà lórí àwòrán ayé, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Òun náà fi mẹ́jọ wà lẹ́yìn wa,” ó ní. “Kí ló dé?”

Mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ. Mẹ́tàdínlógún! Kìlómítà tí mo fi gbéraga ńkọ́? Bíi kí èèyàn ta okùn láti ìlú kan dé èkejì ni, bàálù ò sì gba orí okùn yẹn. Ó yà sí ìlú mìíràn láàárín ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀. Tí a bá fi wákàtí márùn-ún tí bàbá mi kà kún un, méjìlélógún nìyẹn. Ẹja mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ọ̀rá tó yẹ kó gba mẹ́rin, fún wákàtí méjìlélógún!

Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri. Méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

“Ṣé ara rẹ ò yá ni, Máàpù?” Tíṣà béèrè.

“Ara mi yá, sà.”

Nígbà tí a jáde, mo sọ ọ́ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rẹ́rìn-ín. “Má sọ fún bàbá rẹ o,” ó ní. “Ẹja ti wà lójú ọ̀run. Ta ló lè dá bàálù dúró? Bóyá wọn ò tilẹ̀ ní kú. Tí wọ́n bá sì kú, àwọn oníbàálù ló jẹ̀bi.”

Ẹ ẹ̀ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn létí mi tó. Bàálù kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí èèyàn lè sáré tẹ̀ lé. Kí ni àǹfààní kí n lọ máa jẹ́wọ́ ohun tí ò sí àtúnṣe fún? Bí mo ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn.

Nílé, màmá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó wo àwo mi. “Oúnjẹ rẹ ti tutù. Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Orí ń fọ́ mi, Mà.”

“Orí nìkan? Sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Mo lanu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi gan-an. Mo tún pa á dé.

Bàbá mi ní tirẹ̀ ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù tó mọ́, bí ẹni pé àwọn tó fẹ́ pè é lórí fóònù máa rí i. Láago méje, ó gbé fóònù sórí orúnkún. Aago méje àbọ̀ lù. Aago mẹ́jọ lù.

“Akọ̀wé yẹn ní mẹ́sàn-án, àbí?” ó béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bóyá wọ́n ń yẹ ẹrù wò lọ́wọ́ ni.”

Irọ́ kejì nìyẹn. Ó gbà mí gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni fóònù dún. Ìpè kọ́, àwòrán ni wọ́n fi ránṣẹ́. Bàbá mi na fóònù sí mi kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀, àmọ́ òun náà ti rí àwòrán. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì funfun, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìlà mẹ́jọ. Pupa ara wọn ti ṣá. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀ ò gùn: “A bá yín kẹ́dùn. Kò sí ọ̀kankan tó dé láàyè.”

Bàbá mi rọra jókòó sílẹ̀, sórí símẹ́ńtì tó tutù, láàárín àwọn táǹkì tó ti ṣófo. Màmá mi wọlé, ó rí àwòrán náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. “Gbogbo wọn? Ìyá wọn náà?”

Ó pẹ́ kí bàbá mi tó dìde. “Mẹ́sàn-án ni akọ̀wé yẹn pè é,” ó ní. “Ó máa sọ ibi tó ti rí mẹ́sàn-án lónìí. Wọ bàtà rẹ, ká lọ. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi.”

Ẹlẹ́rìí! Nínú mọ́tò, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ní gbogbo oríta tí a dé. Mo ń sún un sí oríta tó kàn.

Ọ́fíìsì náà kún. Àwọn èèyàn tò pẹ̀lú ẹrù wọn níwájú òṣùwọ̀n ńlá kan. Akọ̀wé náà, obìnrin kan tó wọ awò ojú, ń lẹ ìwé mọ́ páálí lára. Bàbá mi ò tò. Ó lọ tààrà síwájú rẹ̀, ó na fóònù sí i lójú.

“Ẹ wò ó! Ẹ wo iṣẹ́ yín! Ọdún mẹ́tàlá mi nìyẹn! Ẹ ní wákàtí mẹ́sàn-án!”

“Èmi kẹ̀, sà? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ mi yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun!”

Ariwo náà mú kí ọ̀gá wọn jáde láti inú yàrá. Ó wo àwòrán, ó wo akọ̀wé, ojú rẹ̀ le. “Ṣé bí ẹ ṣe ń dá oníbàárà lóhùn nìyí?” Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. “Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, mi ò rí ọmọ yìí rí láyé mi.”

“Ọmọ mi kì í purọ́!” bàbá mi kígbe.

Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń dúró kí n gbe òun lẹ́sẹ̀.

“Mi ò wá, Bàbá,” mo ní. “Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá. Èmi ni mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká mi. Bàbá mi wò mí, ó wò mí, bí ẹni tí kò mọ̀ mí mọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí akọ̀wé, ó tẹrí ba. “Màdáámù, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mo ti ṣẹ̀ yín.” Mi ò rí i kó tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni báyìí rí, èmi ni mo sì fà á.

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó wá ìwé kan láàárín àwọn ìwé rẹ̀. “Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni, sà,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Wọ́n dé ìlú àárín ọ̀nà láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di mẹ́sàn-án. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí tó bá wà nínú ẹrù lọ. Tí a bá ti pè é, ó máa ń tú ọ̀rá ẹja, á pín wọn, á tún fẹ́ ọ́síjìn sí i. Ká sọ pé ẹ mọ̀ lánàá ni, ìpè kan ṣoṣo ni mo máa pè é.”

Bàbá mi bi mí láì wò mí.

“Ìgbà wo lo mọ̀ pé o ṣìṣe?”

Mo lè pa irọ́ kẹta. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi.

“Lánàá, sà. Ní kíláàsì. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.”

“Ọ̀sán?”

“Ọ̀sán, sà.”

Akọ̀wé náà wò mí bí ẹni tó rí òkú tó dìde. Ó gbé fóònù ọ́fíìsì, ó pe ọkùnrin náà. Ó gbọ́ ohun tó ní í sọ tán, ó sì gbé fóònù náà sílẹ̀.

“Ó rántí páálí méjèèjì,” ó ní. “Ó ní òun fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ẹja náà ṣì ń ta pútúpútú nínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n ń gbé wọn lọ láago mẹ́sàn-án.”

Bàbá mi ò nà mí. Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn. Nígbà tí a délé, ó lọ ka àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tí kò tíì tó rán lọ síbì kankan. Mẹ́fà ni wọ́n. Ó ní tí Ọlọ́run bá bá òun ṣe é, ọdún mẹ́rin lè gbé òun padà sí ibi tí òun wà. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀rọ̀.

“Kò sẹ́ni tí kì í ṣìnà,” ó ní. “Ẹni tó bá ṣìnà tó pariwo, wọ́n á bá a wá ọ̀nà. Ìwọ ṣìnà, o jókòó síbẹ̀, o wá lọ fi dá ara rẹ lójú pé kò sí ọ̀nà mọ́.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an. Tí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ má fi ọgbọ́n orí yín nìkan pinnu pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ tètè sọ fún ẹni tó jù yín lọ, torí ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò mi tó kùnà yẹn nìkan kọ́ ló pa ẹja bàbá mi. Láti aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú títí di aago mẹ́sàn-án, odindi wákàtí mẹ́jọ àti ogójì ìṣẹ́jú, ẹja ọgọ́rin wà láàyè, wọ́n ń dúró kí n sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: “Bàbá, mo purọ́.”